Kàsẹ́ Mẹ́jọ Ara Jọ́ọ̀gì Avis

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Clement Brough.

Ìlú Leek nílẹ̀ òyìnbó ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ náà ló ti ṣiṣẹ́ aláró nílé iṣẹ́ ṣẹ́dà fún ọdún mọ́kànlélógójì. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, aró ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Kò bímọ. Avis ìyàwó rẹ̀ ló ní, àti kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan tó gba odindi ògiri kan ní pálọ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀, ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ta ohun àlòkù ló lọ. Ó rí ṣíbí kékeré kan nínú àpótí bọ́tìnì, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ fi ń bu ewé tíì. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó rí àmì kìnnìún tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó mọ̀ pé fàdákà gidi ni. Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí kì í lọ síbi gbàǹjo. Ó ra ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gé ṣúgà. Ó ra ife tó ní ìdènà lẹ́nu kí tíì má baà rẹ irunmú ọkùnrin. Ó ra ajá alámọ̀ méjì tó kọjú síra wọn, ó ra ohun tí wọ́n fi ń pa àbẹ́là, ó ra àwọn nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe.

Òfin méjì ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ohun tó bá lábùkù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹyin kò sì gbọdọ̀ kan fàdákà, nítorí ẹyin a máa sọ fàdákà di dúdú.

Avis a máa fi òfin ẹyin yìí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Clem, tí mo bá kú, ṣé wàá lè gbé ṣíbí yẹn jáde fi jẹun lọ́jọ́ ìsìnkú mi?"

"Tí wọn ò bá ti se ẹyin."

Ohun kan ṣoṣo ni Avis ní tirẹ̀ nínú ilé náà. Jọ́ọ̀gì alámọ̀ ìyá rẹ̀ ni, ó ń dán bíi bàbà. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ló ń gbé, ṣíbí onígi ni Avis sì ń kó sínú rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó là láti ẹnu dé ìdí. Enoch Salt, bàbá rẹ̀, atúnàwoṣe ni, tó ń kiri láti ilé dé ilé. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í da àwo tó là nù. Wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tó là, wọ́n á fi wáyà kúkurú há a pọ̀. Igbá tó fọ́ ni í gba kàsẹ́; lọ́dọ̀ tiwọn, àwo náà ń gbà á.

Enoch kò na ọmọ rẹ̀. Ó ní kó jókòó ti òun kó máa ka kàsẹ́ bí òun ṣe ń fi wọ́n há jọ́ọ̀gì náà. Ó ka mẹ́jọ. Avis dàgbà, ó lọ́kọ, ó darúgbó, àtàǹpàkò rẹ̀ kò kúrò lára kàsẹ́ mẹ́jọ yẹn. Bó bá ń ronú, bó bá ń dúró de omi gbígbóná, bí ọ̀rọ̀ kan bá dùn ún, ibẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ.

Ojú kàsẹ́ yìí ń ti Clement. Àwọn akónǹkanjọ bíi tirẹ̀ a máa wá wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀kan nínú wọn, Lionel Sneyd, yọjú sí ilé ìdáná lọ́jọ́ kan.

"Ta ló rán eléyìí, Clem?"

"Bàbá ìyàwó mi ni."

"Ó káre. Bàtà mi kan ti ya nílé, kó bá mi wò ó."

Clement bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú rẹ̀.

Nígbà tí Avis ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méje ní ọsibítù. Clement fẹ́ fi nǹkan kí i káàbọ̀. Ó gbé jọ́ọ̀gì náà lọ sọ́dọ̀ Desmond Heath ní Longton, ẹni tó ń bá àwọn akónǹkanjọ bo àbùkù mọ́lẹ̀. Heath fa kàsẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yọ, ó dí ihò wọn, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ibi tó là, ó kùn ún. Ẹni tó bá mọ̀ nìkan ló lè mọ̀. Clement gbé e sí àárín gbùngbùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Avis fi ọ̀pá wọlé. Fèrèsé ilé ìdáná ló kọ́kọ́ wò.

"Jọ́ọ̀gì mi dà?"

"Wá wò ó."

Clement ṣí gíláàsì, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Àtàǹpàkò Avis lọ sókè, ó bọ̀ sísàlẹ̀.

"Ó dán," ló wí. Ó dá a padà fún un. Kò béèrè rẹ̀ mọ́. Inú agolo ló ń kó ṣíbí onígi sí láti ọjọ́ náà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn, iyè Avis bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó ṣí gáàsì, kò ṣáná sí i. Ó wọ aṣọ ìsùn lọ sọ́jà. Nígbà tí Clement kò lè gbé e dìde mọ́, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé wọn. Àràárọ̀ ni Clement ń lọ. Avis kò mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ ló ń pè. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, Josie Tideswell, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, pe Clement sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jókòó, Bàbá Clem."

"Mo lè dúró."

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Dókítà ti wá. Tí màmá ò bá jẹun títí di Ọjọ́bọ̀, wọ́n á gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Stafford. Wọ́n ní rọ́bà tí wọ́n fi ń bọ́ èèyàn níbẹ̀. Àwa ò ní."

"Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni Stafford."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ mi ò lè wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta. Tí wọ́n bá gbé e lọ síbẹ̀, mi ò ní rí i mọ́ nìyẹn."

Josie sún mọ́ ọn. "Ẹ gbọ́ ná. Ojú màmá ò dá nǹkan mọ̀ mọ́, àmọ́ ọwọ́ kì í tètè gbàgbé. Ìyá kan wà níbí, páànù tó fi ń yan kéèkì la bá a gbé wá látilé. Ó gbé e lé itan, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ṣé nǹkan kan wà nílé tí ọwọ́ màmá mọ̀ dáadáa?"

Clement wo ilẹ̀. "Ó wà," ló ní.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló fi táwẹ́ẹ̀lì di jọ́ọ̀gì lọ. Ó gbé e lé Avis lọ́wọ́. Àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ó lọ sókè, ó bọ̀ sísàlẹ̀, ó yí ìdí ká.

"Kì í ṣe èyí."

"Òun ni, Avis. Ti ìyá ẹ."

"Bàbá mi ló rán tèmi. Èyí ò fọ́ rí."

"Ó ti fọ́ rí. Èmi ni mo ní kí wọ́n bò ó."

Avis wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Olè ni ẹ́. O gbé tèmi lọ, o wá fi ti ẹlòmíì dí i." Ó yíjú sí Josie. "Ẹ bá mi lé bàbá yìí jáde."

Josie tẹ̀ lé Clement dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má ka ọ̀rọ̀ yẹn sí. Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀."

"Kò parọ́," ni Clement wí.

Ní Túsìdeè, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Longton. Ìyẹn nìkan ti tó láti dá ẹsẹ̀ rẹ̀ lóró. Heath gbé jọ́ọ̀gì sí ìmọ́lẹ̀.

"Kí ló ṣe é? Iṣẹ́ mi ò tíì ṣí."

"Dá àwọn kàsẹ́ padà sí i."

Heath bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń yọ wọ́n, Clem. Kò sí ẹni tó wá bẹ̀ mí kí n dá a padà rí."

"Ṣé wàá ṣe é?"

"Rárá o. Ihò mẹ́rìndínlógún ni mo dí lára ẹ̀. Tí o bá tún ti irin bọ̀ ọ́, á fọ́. Mo ṣì ní àwọn kàsẹ́ náà o, mi ò kí ń dà wọ́n nù." Ó gbé agolo bisikíìtì kan kalẹ̀, ó kún fún kàsẹ́ àwo gbogbo ayé. "Ṣa mẹ́jọ. Màá bá ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n sójú ibẹ̀, kí n tó mu tíì tán. Ìyàwó ẹ ò ní mọ̀."

Ìmọ̀ràn gidi ni. Ẹni tó ń ta ata lọ́jà á gbà á. Ṣùgbọ́n akónǹkanjọ ni Clement. Láti ogójì ọdún ni ayédèrú ti jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀. Ó ti bá ọ̀rẹ́ jà nítorí ìdérí tí kì í ṣe ti ìkòkò tó wà lórí rẹ̀.

"Ó ti pè mí lólè," ló ní. "Mi ò ní gbé irọ́ lọ bá a lẹ́ẹ̀kejì."

"Ta ló ń ro irọ́? Kó jẹun là ń wí."

"Mo ní mi ò ṣe."

"Agídí yìí ló máa fọ́ jọ́ọ̀gì náà, kì í ṣe irin."

Clement bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kàsẹ́. Enoch a máa lọ ẹ̀yìn kàsẹ́ tirẹ̀ lórí òkúta títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó rí mẹ́jọ tó rí bẹ́ẹ̀, ó wé wọn mọ́ áńkáṣíìfù.

Ohun tí Enoch fi ń lu ihò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Clement gan-an, láàárín àwọn nǹkan àrà: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ọrun kékeré olókùn tí í mú un yí, ẹyọ dáyámọ́ńdì kan ní ṣónṣó. Clement ti so bébà mọ́ ọn, ó kọ orúkọ irinṣẹ́ náà sí i. Kò fi ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tó ń fẹ́ Avis sọ́nà, ó máa ń jókòó wo bàbá náà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ́ òun. Enoch ní, "Ọwọ́ ẹ ń kánjú, ọmọ mi. Má ṣèyọnu, máa ra nǹkan tí kò fọ́."

Ní Wẹ́sìdeè, lẹ́yìn tíì àárọ̀, Clement já bébà náà kúrò, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná. Ó kán omi sójú ihò, ó fa ọrun. A kì í lù ú já, ìdajì ìnípọn amọ̀ ni à ń lù dé. A ó ti wáyà bọ iná kó lè fún mọ́ra bó bá ń tutù. Kàsẹ́ àkọ́kọ́ gbà á ní wákàtí kan àbọ̀. Èkejì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, márùn-ún ti wọlé, wọ́n tò láti ẹnu jọ́ọ̀gì dé àárín. Wọn ò tọ́ bíi ti Enoch, ṣùgbọ́n wọ́n dì í mú. Clement fi àtàǹpàkò tirẹ̀ kàn wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó fa ọrun fún ẹ̀kẹfà, ó fà á yá díẹ̀. Ìró náà kò pọ̀. Ojú ìlà tuntun yí jọ́ọ̀gì ká, ìdí rẹ̀ já bọ́ sórí tábìlì, ó di wẹ́wẹ́.

Òkè ló kù, pẹ̀lú etí tí wọ́n fi ń gbé e àti kàsẹ́ márùn-ún. Clement wá aṣọ, ó fi wé ibi tó mú.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọ̀sán ni ọkọ̀ Stafford máa dé. Wọ́n ti wọ kóòtù fún Avis nígbà tí Clement wọlé. Ó gbé òkè jọ́ọ̀gì lé e lórí itan.

Àtàǹpàkò lọ, ó kan àkọ́kọ́, ó dúró.

"Oókan," ni Avis wí. "Eéjì. Ẹẹ́ta. Ẹẹ́rin. Aárùn-ún."

Ojú rẹ̀ là. Josie sáré lọ bu ọbẹ̀ wá. Ọwọ́ Avis ti dé ibi tí aṣọ wé.

"Ó ku mẹ́ta."

"Ó ku mẹ́ta," ni Clement wí.

"Bàbá ò tíì ṣe é tán."

Josie gbé ṣíbí sún mọ́ ọn. "Màmá, ẹ tọ́ ọ wò. Díẹ̀ ni."

"Rárá. Bàbá ní kí n jókòó kí n máa kà. A kì í jẹun nílé wa tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ bàbá." Ó pa ẹnu dé mọ́ ṣíbí náà. Lẹ́yìn náà ló rí Clement tó dúró. Kò pè é lólè mọ́. "Ẹ̀yin náà gbé àwo wá ni, sà? Ẹ jókòó. Á kàn yín."

Clement jókòó. Wọ́n jọ dúró de Enoch Salt, tó ti kú láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ọbẹ̀ tutù. Ọkọ̀ dé. Àwọn ọkùnrin méjì tó wá gbé e kò gbà kó mú àfọ́kù dání, wọ́n ní á gé e lọ́wọ́. Josie ló tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kò tíì tán," ni Avis ń wí fún wọn títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ sọ fún bàbá pé mi ò dìde."

Clement gbé àfọ́kù náà rìn padà sílé. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sí àárín gbùngbùn. Ó mú ṣíbí fàdákà kékeré tó kọ́kọ́ rà jáde.

Ẹyin sísè méjì àti búrẹ́dì oníbọ́tà ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣíbí fàdákà ló fi jẹ ẹ́.