Géèmù Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Olè

Bí ẹ bá bi Suara ní iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní ọ̀gá àwọn tó ń ṣe géèmù orí fóònù lòun. Kò mọ iṣẹ́ náà ṣe o. Yàrá kan ló gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nínú ilé wọn l'Ágége, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tó ń rọ irin. Ó kọ "Ọ̀gá Àgbà" sára ilẹ̀kùn, ó sì wá òṣìṣẹ́ méjì: Uswat tó ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe, àti Déolú tó ń ya àwòrán. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó, kó máa pàṣẹ.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe géèmù kan ṣoṣo. Afeez, ọmọ inú géèmù, ń sáré, ó ń fo gọ́tà, olórí olè sì dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé. Ó gbọ́dọ̀ lu olè náà bolẹ̀ kó tó lè wọlé. Géèmù náà dùn ún gbá, àfi ìgbà tí ìyá Suara gba fóònù wò.

"Ọmọ yìí kọjá lára bàbá arúgbó, kò kí wọn! Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Suara wọnú egungun. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí Afeez bá ti pàdé tó hewú, kó dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja.

"Ọ̀gá, olórí olè náà hewú o," Uswat sọ. "Bí Afeez bá dọ̀bálẹ̀, kùmọ̀ ló máa fi lù ú pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ tiẹ̀ kúrò."

"Ṣé àgbà ni àbí kì í ṣe àgbà?"

"Àgbà ni, sà, àmọ́..."

"Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ta ni àgbà níbí, èmi àbí ìwọ?"

Uswat kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kúnlẹ̀. Déolú ní kí òun kun irun olè náà ní dúdú. Suara ní olè onírun dúdú kì í ba èèyàn lẹ́rù. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọ̀gá tó gbọ́n ju iṣẹ́ lọ!

Ilé-iṣẹ́ kan ní Opebi wá fẹ́ yan géèmù kan tí wọ́n máa gbé jáde. Bàbá Suara ti sọ ọ́ láìfi bò: bí wọn ò bá mú tiẹ̀, yàrá di ti Alhaji kan tó ń ta ike, tó ń wá ibi tó máa kó ẹrù sí.

Lọ́jọ́ náà, Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé, tí ilé-iṣẹ́ náà fi ṣe adájọ́, gba fóònù. Afeez sáré, ó fo gọ́tà, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó dé iwájú olórí olè, ó dọ̀bálẹ̀. Olè lù ú pa. Obìnrin náà tún un gbá, Afeez tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rín arìntàkìtì ti gba gbogbo ilé.

"Ṣé kò sẹ́ni tó rí èyí nínú yín ni?"

Suara yíjú sí Uswat. "Ìwọ! O ò rí i ni?"

Uswat kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. "Mo rí i, sà. Àmọ́ èmi kọ́ ni àgbà."

Wọn ò mú géèmù náà. Nọ́ńbà fóònù Uswat ni wọ́n gbà.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá Suara mú Alhaji wá. Suara ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu: oṣù kan péré, òun á tún géèmù náà ṣe. Ó sáré jáde kó lè dí wọn lọ́nà. Ó wojú wọn, ewú ti bo orí àwọn méjèèjì.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kó tó dìde, wọ́n ti gbé àpò ike àkọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.