Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n ní Tẹ́ṣàn

Télọ̀ ni Mubaraq kó tó di àgbẹ̀. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin ló mọ̀ ọ́n rán jù. Bí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn oníbàárà á jókòó tì í, wọn á máa bú u pé ọ̀lẹ ni, pé irọ́ ló ń pa, òun náà á máa bú wọn padà. Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀.

Ní báyìí, abúlé kan lẹ́bàá Ìrẹsà ló ń gbé. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ló fún un nílẹ̀. Pákí ló ń gbìn. Yàrá kan ló ní. Bó bá ti oko dé, á da omi sára, á tẹ ẹ̀bà, á jẹ ẹ́, á ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé "ẹ kú iṣẹ́" tó kí ẹni tó ń kọjá lọ nìkan ló máa ti ẹnu rẹ̀ jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun tó gbé e débẹ̀ kò gùn. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù kan lọ́jà, àwọn ọlọ́pàá jáde, wọ́n ń kó ọ̀dọ́ tí wọ́n bá rí lójú títì. Mubaraq ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Wọ́n kó o mọ́ wọn. Wọ́n fi okùn di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n dì í le. Nígbà tí wọ́n máa fi tú u, ìka méjì ti kú lọ́wọ́ ọ̀tún. Títí dòní, wọn ò ká dáadáa. Nígbà tó yá, wọ́n rí olè náà, wọ́n ní kí Mubaraq máa lọ sílé.

Télọ̀ tí kò lè di sísọ́ọ̀sì mú, kí ló kù? Àwọn oníbàárà wá, wọ́n kó aṣọ wọn. Àwọn kan ní nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn kan ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá tó sùn sí ni wọ́n ń rò. Ìyàwó rẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Zulaikha, ìyá rẹ̀, kú. Kò wá rí ohun tó tún fẹ́ máa ṣe ní Ọ̀yọ́ mọ́.

Ó lè gbàgbé okùn. Ó lè gbàgbé ìka pàápàá. Ohun kan ni kò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé tẹ́ṣàn, ọ̀gá tó wà ní káńtà bèèrè bóyá ọlọ́pàá kan mọ èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ yìí. Ọlọ́pàá kan ní òun mọ ọ̀kan, ọmọ àdúgbò òun ni. Wọ́n ní kí ọmọ yẹn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì lọ sílé. Sájẹ́ǹtì Ọládépò wà níbẹ̀. Agbo ilé kan náà ni òun àti Mubaraq ti wá. Ó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Mubaraq lórúkọ. Mubaraq ló rán aṣọ tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó Ràódàt, ọmọ rẹ̀. Ọládépò wò ó lójú. Ó wá yíjú sí ògiri.

Lọ́dún yìí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tèmítáyọ̀ wá bá Mubaraq lóko. Ó ń kàwé sí i ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun gbọ́ nípa ọwọ́ rẹ̀, pé ìwádìí òun dá lórí iṣẹ́ ọlọ́pàá, bó ṣe lè dára jù báyìí lọ, àti bóyá ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè jókòó, kí wọ́n sọ ọ́ síta, kí wọ́n wo ohun tó ṣeé tún ṣe. Mubaraq ní òun ò ní nǹkan tí òun fẹ́ sọ. Obìnrin náà tún padà wá. Ó ní kó jẹ́ kí òun bá a bó pákí. Kò mọ̀ ọ́n bó. Mubaraq ní bó bá ń bá a lọ báyẹn, ìka tirẹ̀ náà máa tó kú. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni Mubaraq sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Tèmítáyọ̀ lọ wá Ọládépò kàn ní Ọ̀yọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbà láti wá jókòó pẹ̀lú Mubaraq. Tèmítáyọ̀ ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì pé kí oníkálùkù mú ẹnì kan dání, pé Mubaraq ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mubaraq bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ náà lóko. Bó bá ń kọ ebè, á máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Ó mọ ibi tó máa dúró sí.

Wọ́n pàdé ní gbọ̀ngàn kan tí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi yá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mubaraq nìkan ló wá. Ní ti Ọládépò, òun àti Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé wọn, pẹ̀lú Alfa Saifudeen àti àgbà méjì mìíràn ló jọ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Kò fi ṣe àrékérekè. Níbi tó ti wá, ẹni tó bá dá nìkan wá bẹ èèyàn kò ka ẹni náà sí.

Tèmítáyọ̀ ní kí Mubaraq máa sọ tirẹ̀. Mọ́gàjí dìde.

"O ṣeun, ọmọ mi. Jẹ́ ká tètè sọ tiwa."

Ó ṣí fìlà. Àwọn yòókù náà ṣí tiwọn. Ó ní okùn yẹn kò dára, ọwọ́ yẹn dun àwọn, iṣẹ́ èṣù ni. Ó ní iṣẹ́ ìjọba ni Ọládépò ń ṣe. Ó ní nítorí Ọlọ́run, nítorí Zulaikha tó wà nílẹ̀. Ọládépò tẹrí ba.

Bàbá arúgbó tó ti gbé Mubaraq pọ̀n rí ló dúró síwájú rẹ̀, tó gbé fìlà lọ́wọ́. Mubaraq ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ẹ dé fìlà yín, ẹ̀yin bàbá. Ó ti tán."

Alfa ṣàdúà, wọ́n ṣe àmín. Wọ́n mu ẹlẹ́rìndòdò. Tèmítáyọ̀ di báírò mú, kò kọ nǹkan kan.

Bí ọ̀kadà ṣe ń gbé Mubaraq lọ sí Ìrẹsà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan ò dín. Okùn ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún. Ọládépò kọ́ ló so okùn.

Tèmítáyọ̀ pè é lórí fóònù, ó bi í bó ṣe rí lára rẹ̀. Mubaraq ní ó rí bíi pé wọ́n sìnkú òun, wọ́n sì lọ. Tèmítáyọ̀ ní ẹ̀bi òun ni, òun ì bá ti dá Mọ́gàjí dúró. Mubaraq ní kò lè dá a dúró. Tèmítáyọ̀ ní òun lè pè wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mubaraq kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá ti parí, ẹni tó bá tún tú u wò ti bú wọn nìyẹn. Wọ́n á ní òun tutọ́ sí fìlà àwọn. Ó mọ̀ pé bí òun bá tú u, òun ò ní ilé mọ́ ní Ọ̀yọ́. Ó rò ó títí. Ilé wo ló tiẹ̀ ní níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́.

Ọládépò jókòó síwájú ilé, rédíò wà létí rẹ̀. Òun nìkan ló ń dá gbé. Hajarat ìyàwó rẹ̀ ti lọ bá Ràódàt tọ́mọ ní Ìbàdàn, kò sì tíì padà. Mubaraq dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé kò sí, Mubaraq?"

"Kò sí, Bàbá Ràódàt."

Ọládépò ní òun rò pé ọ̀rọ̀ ti tán ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mubaraq ní ó tán fún àwọn tó sọ̀rọ̀. Ọládépò pa rédíò.

"Ọ̀gá yín bèèrè. Ẹlòmíràn ní òun mọ ọmọ kan, wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ wò mí lójú. Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ẹ mọ̀ mí?"

Ọládépò fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Ó wo ọwọ́ Mubaraq fúngbà díẹ̀.

"Wọ́n ń sọ nígbà yẹn pé àwa kan ń bo olè. Wọ́n sì fẹ́ gbé mi sókè lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mubaraq ti rò pé nǹkan tó tóbi ni. Ó ti rò pé bóyá bàbá òun ṣẹ̀ ẹ́ rí, tàbí pé ó kórìíra ìyá òun. Ẹ̀rù lásán. Ó jókòó sórí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Ó ti fẹ́ pariwo, kò rí ariwo náà mọ́.

Ọládépò bi í bóyá ó dárí ji òun.

"Mi ò tíì mọ̀."

"O ṣáà ní ó ti tán lójú Mọ́gàjí."

"Fìlà Mọ́gàjí ni mo dá lóhùn."

Ọládépò ní kó jẹun. Mubaraq ní òun ti jẹ. Ó dìde, Ọládépò náà dìde, ó ní òun á sìn ín. Ẹsẹ̀ Ọládépò kan kò dára, bí wọ́n ṣe ń lọ, ó ń fà á. Àwọn tó wà lójúde ń wò wọ́n. Mubaraq ní kó padà, kò padà. Mọ́gàjí jókòó níwájú ilé tirẹ̀. Wọ́n kí i. Ó bèèrè ohun tó gbé Mubaraq wá, ó ní ṣebí wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ yìí.

"Kò tíì tán, Mọ́gàjí," Ọládépò ló dá a lóhùn. "A ò sọ ọ́ rárá. Èmi mọ ọmọ yìí ní tẹ́ṣàn, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n."

Mọ́gàjí yíjú kúrò.

Ní gáréèjì, mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ kò tètè kún. Mubaraq jókòó létí fèrèsé. Ọládépò dúró nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó dúró títí mọ́tò fi kún.