Orin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sanwó Rẹ̀

Yàrá àbúrò mi n'Òwu kò ní òórùn mìíràn ju ti páálí àwo orin tí ooru ti yan, ti ìwé ìròyìn àtijọ́, àti ti ẹ̀pà sísun tó máa ń jẹ dípò oúnjẹ ọ̀sán. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ dojú kọ ògiri mọ́ṣáláṣí, atẹ́gùn kì í gbabẹ̀ wọlé. Bí mo bá ti Ìtòkú dé, tí aró ṣì wà lápá mi dé ìgbọ̀nwọ́, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí, n ó máa fi páálí àwo fẹ́ra. Òun á ti kọjú sí ògiri, á kẹ̀yìn sí giramafóònù bí ọmọ tí olùkọ́ ń fìyà jẹ. Bó ṣe ń gbọ́ orin nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá ń wo àwòrán olórin lára páálí, aṣọ olórin ló máa gbọ́, kò ní gbọ́ ohùn. Bí àwo bá parí, á yíjú padà, á bi mí ní ìbéèrè kan náà tó ń bi nípa gbogbo ohun tó bá rí, ìbáà ṣe orin, ìbáà ṣe ère tí ìjọba gbé sí ìkóríta, ìbáà ṣe àwòrán tí olówó gbé kọ́ sí pálọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sanwó eléyìí?"

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Lámèyítọ́ ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìròyìn; àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Kọ́mírédì; ìyá wa, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ń pè é ní aláìríṣẹ́ṣe. Mùfútáù lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá wa ń tún ṣe lábẹ́ igi ọ̀dán, agbára rẹ̀ kò ká ọmọ méjì nílé ìwé, nítorí náà mo dúró ní ìwé mẹ́ta kí òun lè máa lọ. Ó sì lọ, ó lọ títí dé yunifásítì, ó gbé irùngbọ̀n àti ẹ̀kọ́ Mákísì bọ̀ wálé: pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló ni ohun tí wọ́n fọwọ́ wọn ṣe, pé orin pàápàá ní ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó ń jẹ ẹ́. Yorùbá ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, kí àwa obìnrin ìdí aró lè gbọ́ ọ bí wọ́n bá kà á sókè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì làwọn fi ń gba tálákà là. Wọ́n á wá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á jẹ ẹ̀bà mi, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á máa sunkún mẹ̀kúnnù, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ orúkọ mi. Èmi mọ tiwọn: Dépò, Bánjí, àti Rẹ̀mílẹ́kún tó máa ń fọwọ́ òsì gba omi lọ́wọ́ àgbà.

Èmi náà ní ohun tí mò ń ṣe tó yàtọ̀ sí aró. Elégbè ni mí nínú ẹgbẹ́ wákà Alájà Ṣìkírátù, èmi pẹ̀lú Sàríyù àti Múníná. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohùn Alájà nígbà ayé rẹ̀ mọ̀ pé n ò ní parọ́: bí ó bá gbé ohùn yẹn sókè, àwọn tó ń jẹun á dáwọ́ dúró. Ọlọ́run kàn gbé ohùn ńlá fún èèyàn kékeré ni. Kò sí olówó tí kò lè rà á. Ó ti kọrin yin olè tó jí ilé ìgbọ́kọ̀sí kó, ó ti kọrin yin ọlọ́pàá tó mú olè náà, ó sì lo ewì kan náà fún àwọn méjèèjì. Síbẹ̀ n kì í pa ọjọ́ òde jẹ. Ọkọ mi ni mò ń dáná fún, ọmọ mi ni mò ń rẹ aṣọ fún, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dúró lẹ́yìn Alájà tí mo la ẹnu, tèmi nìyẹn, mi ò ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan yẹn ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù.

Ayé àwọn olóṣèlú ni, kí ṣọ́jà tó tún padà dé. Alájì Jìmọ́ọ̀ gba ìwé àṣẹ láti máa fi ọkọ̀ ojú omi kó ìrẹsì wọ̀lú. Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé ni. Kò gbin nǹkan kan rí láyé rẹ̀, bóyá àyàfi irun àgbọ̀n, ìyẹn pàápàá kò hù dáadáa. Ó ṣèlérí mọ́tò fún Alájà, Alájà bá ṣe odindi àwo fún un: Jìmọ́ọ̀ tó bọ́ Ẹ̀gbá, Jìmọ́ọ̀ òjò tí ń rọ ìrẹsì. Àwa náà gbè é. Lásìkò yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n ìyá wa tó ń dáko l'Ọ̀fàdà ń pààrà ọjà pẹ̀lú ìrẹsì rẹ̀, kò rẹ́ni rà á títí kòkòrò fi jẹ ẹ́ mọ́ inú àpò.

Mùfútáù kọjú sí ògiri, ó gbọ́ àwo náà tán. Lọ́jọ́ yẹn kò bi mí pé ta ló sanwó. Ó kàn wò mí, ó mú bírò. Ohun tó kọ rèé, mo ti há a sórí: "A gbọ́ orúkọ ẹni tó kó ìrẹsì wọ̀lú títí etí fi kún. A kò gbọ́ orúkọ ẹni tó gbìn ín. Ohùn Alájà kò lẹ́gbẹ́. Ó ṣeni láàánú pé àpò tí wọ́n ń di ìrẹsì sí ló fi ṣe."

Làmídì aránṣọ ló kà á sókè n'Ìtòkú, ó dúró lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi di ìdí ìkòkò aró mú. Láti ọjọ́ náà, Alájà kò lè kọjá láàárín ọjà mọ́. "Alájà, ẹ bá wa wọn kọ́ńgò kan!" "Alájà, ṣé tòní ní òkúta nínú?" Jìmọ́ọ̀ náà gbọ́. Irú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kì í fẹ́ kí wọ́n rí wọn pẹ̀lú ẹni tí ọjà ń fi rẹ́rìn-ín. Mọ́tò tó ṣèlérí, olórin kan ní Ìbàdàn ló gbé e fún.

Lọ́jọ́ ìdánrawò tó tẹ̀lé e, Alájà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé orin tuntun kalẹ̀. Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni ara mi ti ń tutù, nítorí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí:

*Ẹlẹ́nu bí abẹ, alápò òfìfo,*
*Bàtà rẹ ń yán, o ń kọ́ ayé ní ìrìn.*
*O ò rówó ra fìlà,*
*O ń bẹnu àtẹ́ lu adé ọba.*

Gbígbè rẹ̀ ni: *Kò ní, kò fẹ́ ká ní o, kò ní, kò fẹ́ ká ní.*

"Sìfáwù," ó ní, "ìwọ lo máa ṣáájú gbígbè."

Mo ní, "Alájà, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ni."

"Mo mọ̀. Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kó mọ ohùn tó ń bú òun dáadáa."

"Bí mi ò bá wá gbè é ńkọ́, mà?"

Ó fa ìborùn rẹ̀ sókè. "Aró ṣáà wà n'Ìtòkú. Lọ máa rẹ aṣọ. Ẹnu tó bá gbè é ni ẹnu ẹgbẹ́ mi." Múníná, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ̀, ti ń tún gèlè ṣe ní tiẹ̀, ó ti ń múra àtirọ́pò mi.

Mo rìn lọ sí yàrá Mùfútáù, mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo ní màá fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Mo retí pé kó ní mo ṣeun. Dípò ìyẹn, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ kí n gbọ́."

"Èébú ni o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ orin." Ó kọjú sí ògiri.

Mo kọ ọ́, omijé ń bọ́. Nígbà tí mo dé ibi bàtà, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ó yíjú padà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó wo sáńdà rẹ̀ tí awọ iwájú ti ya kúrò lára àtẹ́lẹsẹ̀. "Òótọ́ ni o," ó ní. "Ó ń yán. Ó tilẹ̀ fẹ́ sùn." Ó ní kí n tún un kọ. Ó tún ní kí n tún un kọ. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀: "Ta ló sanwó eléyìí?"

Mo ronú. Mo ní, "Kò sẹ́ni. Inú ló ń bí i."

"Ẹ lọ gbè é," ó ní. "Ẹ gbè é kó dùn. Bí ẹ bá fi ṣe ṣákálá nítorí tèmi, màá kọ ọ́ síwèé ìròyìn pé elégbè kan ba orin jẹ́."

A kọ ọ́ káàkiri, láti Òwu títí dé Ìjàyè. Ọmọdé ń kọ ọ́ tẹ̀lé Mùfútáù bó ṣe ń lọ ra ẹ̀pà. Ìgbà tó yá ló wá kọ tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ó ní orin tó dára jù tí Alájà Ṣìkírátù kọ láyé rẹ̀ nìyí. Pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ohùn yẹn máa jáde láìní olówó lẹ́yìn, àti pé ti bàtà yẹn, òun ti wò ó, òótọ́ ni.

Ẹ ò bá rí Alájà! Ìgbà tí àbúrò mi bú u, kò bínú tó báyìí. Ó ń rìn yíká àgbàlá: "Ó tún yìn mí! Ọmọ yìí tún yìn mí! Ta ló bẹ̀ ẹ́?" Kò kọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí a bá dé òde tí àwọn èèyàn ń pariwo pé "Ti bàtà! Ẹ kọ ti bàtà!", á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á sáré kí olówó tó bá sún mọ́ ọn jù. Orin kan tó jẹ́ tirẹ̀ láyé, ó jù ú nù.

Ṣọ́jà dé, Jìmọ́ọ̀ sá, Alájà kọrin kí ṣọ́jà. Ẹni tó ni ìwé ìròyìn kò fẹ́ wàhálà, ó ní kí Mùfútáù máa lọ ilé. Ó di tíṣà. Ó ń kọ̀wé fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò kọ́ ilé, kò ra mọ́tò. Mo bú u nítorí ẹ̀, mo bú u gan-an. Ọyẹ́ tó kọjá yìí ló kú, nínú yàrá kan náà, àwọn àwo yí i ká.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí a ṣe fìdáù rẹ̀, wọ́n wá. Dépò ti ṣe kọmíṣọ́nnà rí báyìí. Bánjí ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Rẹ̀mílẹ́kún ṣì ń fọwọ́ òsì gba omi. Nígbà tí àìsàn gbé àbúrò mi dè, n ò rí ẹsẹ̀ kankan nínú wọn. Wọ́n wá jókòó ní àga iwájú, wọ́n ń sọ bí àwọn àti olóògbé ṣe jọ jà fún mẹ̀kúnnù. Wọ́n tiẹ̀ mú olórin wá: ọmọ Alájà Ṣìkírátù, tó jogún ẹgbẹ́, tó sì jogún ìwà. Dépò sọ̀rọ̀ sí i létí, ó ká owó sí i lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà la ẹnu: Mùfútáù ọmọ ọlọ́lá, ọ̀rẹ́ Dépò, ọmọ tí wọ́n bí sínú ọrọ̀.

Sínú ọrọ̀! Lábẹ́ igi ọ̀dán, láàárín táyà kẹ̀kẹ́!

Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Sáńdà kan wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n òun náà ń yán. N ò mọ ìgbà tí mo dìde. Orúnkún mi kò dára mọ́, ohùn mi sì ti há, ṣùgbọ́n mo gbé e: *Ẹlẹ́nu bí abẹ, alápò òfìfo, bàtà rẹ ń yán…* Bánjí ń wo ilẹ̀. Àwọn onílù ń wo ọ̀gá wọn. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn, láti ìdí ìkòkò omi, ohùn tó gbó bíi tèmi: *Kò ní, kò fẹ́ ká ní o.* Sàríyù ni. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wá.

A kọ ọ́ títí dé òpin rẹ̀, àwa méjèèjì. Mo rí i tí àwọn àgbà obìnrin Ìtòkú ń fi ìborùn nu ojú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Dépò yọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bèèrè, ohùn rẹ̀ kò relẹ̀ tó bó ṣe rò: "Èwo lèyí? Ta ló sanwó fún màmá yìí?"

Látìgbà tí àbúrò mi ti kú, n kò gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo yíjú sí i, mo sì dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá ẹni tó ń kọjú sí ògiri lóhùn.

Mo ní, "Kò sẹ́ni."