Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lára Nọ́ọ̀tì

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ mi fún yín, torí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Ọmọ tó ń fi ẹ̀rín mu ọmú! Eyín kan ṣoṣo ló ní, ó sì ń fi í yọ gbogbo wa lẹ́nu.

Eyínmẹ́nugún ni mò ń pe àbúrò ọkọ mi obìnrin yìí. Mi ò lè pe orúkọ ẹ̀ gan-an, ó ti wà nílé kí n tó wọlé. Òun náà, "ìyàwó mi" ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. Láti kékeré ló ti ń tú nǹkan. Ó tú fáànù, ó tú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn, ìyẹn fi ìgbálẹ̀ lé e yí ilé po. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tán, ó ní mọ́tò eré ìje lòun fẹ́, mọ́tò tó ń gbé èèyàn lọ síbi iṣẹ́ ò dùn ún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù kan tó ń tọ́jú mọ́tò eré ìje bá ní kó máa bọ̀, àwọn á wo ọwọ́ ẹ̀ ná. Ọjọ́ tí mọ́tò bá jáde lọ dánra wò làwọn á sọ bóyá àwọn gbà á síṣẹ́.

Òfin kan wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mọ́tò, òun fúnra ẹ̀ ló máa fi ọ̀dà fa ìlà lé e. Sípánà gígùn kan ni wọ́n fi ń fún un. Tí nọ́ọ̀tì bá ti mú bó ṣe yẹ, sípánà á ké "tá!", ìgbà yẹn lèèyàn tó lè fa ìlà. Kálukú ló ní àwọ̀ tiẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì mi ni mo fún Eyínmẹ́nugún, pupa fòò. Àtìgbà tí mo ti bímọ, èékánná wo ni mo fẹ́ kùn, èyí tó ń fọ ìlédìí láàárọ̀ lálẹ́?

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n ni ọ̀gá ní kó máa fi iṣẹ́ hàn án. Ẹ má gbàgbé èyí o: àbúrò Onírùngbọ̀n náà ń wá àyè iṣẹ́ yẹn.

Eyínmẹ́nugún ń jẹun lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyàwó mi, ọkùnrin yẹn ń wo ọwọ́ mi ṣáá ni."

"Ẹ ṣọ́ra o," mo ní.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́ ò ní wo ọwọ́ ẹni, ṣé imú ló máa wò?"

"Bàbá ọmọ, ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé."

Ọjọ́ ìdánrawò pé. Eyínmẹ́nugún fún ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan. Ọ̀gá pè é pé kó wá bá awakọ̀ di bẹ́líìtì. Ó fi kútẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ lórí àpótí irinṣẹ́. Ìgbà tó padà dé, wọ́n ti tan mọ́tò. Ó wo ẹsẹ̀ kẹrin, ìlà pupa ló rí lórí gbogbo nọ́ọ̀tì ẹ̀!

Tó bá dákẹ́, tí ẹsẹ̀ yẹn bá yọ lórí eré, ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú mọ́tò yẹn. Tó bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kò mọ iṣẹ́ tóun fúnra ẹ̀ ṣe, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ló bá dúró síwájú mọ́tò.

"Ẹ pa á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!"

"Kí ló dé?" ọ̀gá jágbe. "A ti pẹ́!"

"Mi ò tíì fún ẹsẹ̀ yìí, sà."

"Ta ló ni àwọ̀ pupa?"

"Èmi ni, sà. Àmọ́ ọwọ́ mi kọ́ ló kùn ún."

"Àwọ̀ tìẹ, ọwọ́ tìẹ kọ́. Ṣé kútẹ́ẹ̀sì ti ń dá rìn ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ju sípánà sí i pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fún àkọ́kọ́: tá! Ó fún ìkejì: tá! Ìkẹta náà ké. Ó ní bí ẹni ń gbá òun létí ló rí. Ẹnì kan ní, "Arábìnrin, ẹ lọ sinmi!" Ó wá kan èyí tó gbẹ̀yìn. Ó tẹ sípánà, kò ké. Nọ́ọ̀tì ń yí. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún yí, kó tó wá ké. Ẹ̀rín bá pa rẹ́.

Onírùngbọ̀n nawọ́ sókè. "Èmi ni, ọ̀gá. Mo rí i pé ó ti ń pẹ́, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé kò yára. Mo ní kí n bá a ṣe é. Mo gbàgbé èyí tó kẹ́yìn ni."

"Kí ló dé tí o ò fi àwọ̀ tìẹ kùn ún?"

Onírùngbọ̀n mú àkísà, ó ń nu ọwọ́ ẹ̀. Ọ̀gá ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́ títí òun á fi ní kó ṣe é. Ó yíjú sí Eyínmẹ́nugún: "Ìwọ, máa bọ̀ ní Mọ́ńdè. O ti di tiwa."

Nílé, mo jó, mo gbé ọmọ jó. Ọkọ mi ní Onírùngbọ̀n fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni, pé àgbàlagbà ń gbàgbé.

"Ó gbàgbé nọ́ọ̀tì," mo ní, "kò gbàgbé kútẹ́ẹ̀sì?"

Eyínmẹ́nugún gba ọmọ lọ́wọ́ mi. "Ìyàwó mi, mi ò mọ inú ẹ̀ o. Bó fẹ́ràn mi ni, bó kórìíra mi ni, nọ́ọ̀tì yẹn ò mú."

Wọ́n ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. "Àbúrò mi" ni Onírùngbọ̀n ń pè é báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kó bá òun gbé ọṣẹ ọmọdé wá fún ọmọ mi, ó wé e dáadáa, ó so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ó wà lórí fèrèsé níbẹ̀ yẹn. Mi ò tíì tú u.