Táìlì Kan Ṣoṣo Tó Gbé Wa Dé Porto

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ tá a kúrò nílé wa ní Peckham, ní London, òjò sì ń ṣẹ́ wínníwínní. Kí aago tí mo yí sílẹ̀ tó dún ni Mummy ti wẹ̀, wọ́n ti múra, wọ́n jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú báàgì lórí itan, bí ẹni tí mo fẹ́ sá fi sílẹ̀. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìrìn àjò, ọmọdé ò lè yára tó wọn.

Láńre ló wá gbé wa lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Gatwick, ọmọkùnrin Ìbàdàn kan tó ń fi mọ́tò rẹ̀ ṣe minicab ládùúgbò wa. Ogójì pọ́n-ùn ló gbà. Ó ní torí Mummy ni, ẹlòmíràn á san àádọ́ta.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mummy, holiday lẹ̀ ń lọ yìí?"

"Holiday kẹ̀? Táìlì la fẹ́ lọ wá."

"Táìlì!" Láńre wò wọ́n nínú díńgí. "Mummy, warehouse táìlì wà ní Old Kent Road now. Wọ́n á tiẹ̀ deliver fún yín."

"Máa wa mọ́tò ẹ, jàre. Èyí tá à ń wá ò sí ní warehouse kankan."

Kí n ṣàlàyé. Iṣẹ́ táìlì ni bàbá mi, kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n, fi tọ́ mi ní London. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná àwọn èèyàn ni wọ́n ń lẹ táìlì sí, láti Bermondsey títí dé New Cross, lábẹ́ ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Porto, nílẹ̀ Portugal. Nígbà tí ọ̀gá náà darúgbó, tó fẹ́ padà sílé, ó fún bàbá mi ní táìlì mẹ́rìnlélógún tí wọ́n fi ọwọ́ ya. Téèyàn bá tò wọ́n pọ̀, wọ́n á di àwòrán ìlú Porto, búlúù lórí funfun: odò nísàlẹ̀, ilé lórí ilé títí dé orí òkè, ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì lókè pátápátá. Bàbá mi lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná wa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kàlẹ́ńdà ìrántí màmá Mummy dé láti Ìbàdàn. Ẹ̀yin náà mọ kàlẹ́ńdà wa, fọ́tò olóògbé lókè, oṣù méjìlá nísàlẹ̀. Mummy wo yíká ilé, wọn ò rí ibi tó dáa tó, ni wọ́n bá fi gúlúù lẹ ìkọ́ kan mọ́ àárín iṣẹ́ ọ̀gá, wọ́n gbé màmá wọn kọ́. Bàbá mi pariwo títí, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rín, wọ́n fi sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kàlẹ́ńdà kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀: ti òkú, ti ìwúyè, ti ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Èmi tí mo jẹun níwájú ògiri yẹn títí mo fi dàgbà, mi ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Mummy náà ò rántí.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, Mummy ní ilé yá, Ìbàdàn ni wọ́n ń lọ pátápátá, àwòrán táìlì bàbá mi ni wọ́n sì máa lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná wọn níbẹ̀. Àwọn tó bá wa yọ táìlì náà ṣe é jẹ́jẹ́, mẹ́tàlélógún ló jáde láìfọ́. Èyí tí ìkọ́ wà lára rẹ̀ fọ́ yángá, kò sí ohun téèyàn lè rí kà lára rẹ̀.

"Mi ò ní gbé iṣẹ́ Daddy ẹ dé Ìbàdàn pẹ̀lú ihò láàárín," Mummy sọ. "Àfi ká wá nǹkan ṣe sí i kí n tó lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́. Èmi ọmọbìnrin kan ṣoṣo yìí ni wọ́n bí. Ọ̀dọ̀ Mummy ni mo ti ń jẹun ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn ni mo sì ń pè tí wọ́n bá ti múnú bí mi níbi iṣẹ́. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Porto, níbi tí wọ́n ti lè bá wa ya òmíràn, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, mo wá ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí ohun tó wà lára táìlì náà máà ṣeé mọ̀. Tí kò bá ṣeé mọ̀, Mummy ò lọ.

Ní Gatwick, wọ́n gba ìgò ata díndín Mummy. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ náà ní omi ni òfin kà á sí. "Ata ni wọ́n ń pè ní water?" Mummy bi mí, wọ́n sì bínú títí bààlúù fi gbéra. Nínú bààlúù, omi pàápàá, títà ni. Búrẹ́dì àti ẹyin tí Mummy dì mọ́wọ́ la jẹ. Ìrìn náà ò ju bí èèyàn ṣe ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dáa.

Láti pápákọ̀, ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ dé àárín ìlú, owó rẹ̀ ò tó yúrò mẹ́ta lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibùdókọ̀ rélùwéè kan tí wọ́n ń pè ní São Bento la kọ́kọ́ yà sí. Ọmọ oníṣẹ́ táìlì ni mí, síbẹ̀ ẹnu yà mí. Gbogbo ògiri ló jẹ́ àwòrán: ọba lórí ẹṣin, ogun, àwọn obìnrin tó ń kórè, màlúù tó ń fa kẹ̀kẹ́. Azulejo ni wọ́n ń pe táìlì bẹ́ẹ̀, ó sì ń dún létí bí asuléjù. Nílé wa, ilé ìwẹ̀ la mọ táìlì mọ́, àfi olówó tó bá fẹ́ ṣe fújà ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé níta. Ní Porto, ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù, ilé tálákà, gbogbo wọn ló wọ táìlì bí ẹní wọ àdìrẹ. Mummy fi ọwọ́ kan ògiri náà.

"Ká ní Daddy ẹ wà níbí," wọ́n sọ, "ibi tó wọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí."

Òkè ni gbogbo ìlú náà. Ọ̀nà tó tẹ́jú ò tó nǹkan, àtẹ̀gùn òkúta ló kù, tó ń lọ́ láàárín ilé. Aṣọ tí wọ́n sá ń fẹ́ lókè orí wa, àwọn ìyá àgbà yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé. A ń gùn díẹ̀, a ń sinmi díẹ̀, torí orúnkún Mummy. Níbì kan tá a ti lè wo ìsàlẹ̀, Mummy di apá mi mú.

"Rábì, wo orí ilé. Wò ó! Òkè Màpó nìyí."

Òótọ́ ni. Òrùlé pupa lórí òrùlé pupa, bí páànù Ìbàdàn tó ti dógùn-ún. Mummy wá ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń gbé omi gun òkè lọ sílé bàbá wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdébìnrin, bí omi ṣe máa ń dà sí wọn lẹ́yìn, àti orin tí wọ́n ń kọ kí ọ̀nà lè kúrú. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà la jọ gbé. Ojú wọn ń dán bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àárò Ìbàdàn ń sọ wọ́n gan-an ni.

Lọ́sàn-án, a jẹun ní búkà kan létí odò. Bacalhau ni wọ́n gbé wá fún wa, yúrò mọ́kànlá àwo kan. Ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ mú gbẹ ni. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á sè é pẹ̀lú pòtétò àti òróró ólífì. Ata kankan ò sí níbẹ̀.

"Pánlá!" Mummy pariwo. "Pánlá la wọ bààlúù wá jẹ!"

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún fi búrẹ́dì nu àwo.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya táìlì, tá a ti bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti London, ò jìnnà síbẹ̀. Tereza lorúkọ obìnrin tó ni ín, ó á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ọ̀dà búlúù wà ní èékánná rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ó tó wa. Ó wo fọ́tò àwòrán wa tó ní ihò láàárín, ó ní òun mọ ibi tí ẹni tó yà á dúró sí: òdìkejì odò, lórí òkè, níwájú ilé àwọn àlùfáà àtijọ́. Ó ní ká lọ dúró síbẹ̀, ká wo ohun tó bọ́ sí ibi ihò náà, ká wá sọ fún òun. Òun á yà á, òun á sì sun ún nínú ààrò, ọjọ́ méjì péré. Ẹ̀rù bà mí. Ó ti fẹ́ ṣeé mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a gba orí afárá irin gíga kan kọjá odò. Mummy dijú, wọ́n ń ṣàdúrà lábẹ́ ẹnu títí a fi dé òdìkejì. Nígbà tá a dé orí òkè, gbogbo ìlú tẹ́ síwájú wa bó ṣe wà lórí ògiri wa ní Peckham. Omi bọ́ lójú mi. Ó dà bíi pé mo tún wà lọ́mọdé nínú ilé ìdáná wa, tí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n ń fọ símẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́. Mo gbé fóònù tí fọ́tò náà wà lórí rẹ̀ sókè. Ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì rèé, odò rèé. Mummy na ìka sí ibi tí ihò náà bọ́ sí nínú ìlú.

Wọ́n ń tún ilé tó wà níbẹ̀ ṣe ni. Irin táwọn bíríkìlà ń gùn yí i ká, wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé bò ó láti òkè dé ilẹ̀. A ò rí fèrèsé kan, a ò rí ilẹ̀kùn kan.

Ẹ̀rín pa mí. "Mummy, àwọn náà ti gbé kàlẹ́ńdà kọ́ síbẹ̀!"

Mummy ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní kí wọ́n má bínú, bóyá kí wọ́n ṣì ṣe sùúrù ní Peckham ná.

"Inú ẹ ń dùn," Mummy sọ.

"Rárá o, Mummy."

"Rábì, èmi ni mo bí ẹ. Inú ẹ ń dùn."

Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi. "Mummy, tẹ́ ẹ bá lọ, ta ni mo ní? Ta ni mo fẹ́ máa bá jẹun on Sunday?"

"Orúnkún mi ò ní dúró dè mí. Ọjọ́ tí mo ti dé London ni mo ti ń sọ pé mò ń lọ sílé. Daddy ẹ sọ ọ́ títí, wọn ò rí i lọ. Jẹ́ kí n lọ nígbà tí mo ṣì lè fẹsẹ̀ ara mi rìn, please."

Wọn ò dáhùn ohun tí mo bi wọ́n. Ó dùn mí bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tá a padà dé ọ̀dọ̀ Tereza, Mummy ní kí n lọ ra ọsàn wá. Mo débẹ̀ padà, mo bá àwọn ìyá méjèèjì tí wọ́n sún mọ́ra, tí wọ́n ń wo fóònù Mummy, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọra láti kékeré. Mummy ní wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ táìlì. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní kó yà.

"Tá a bá délé, wàá rí i."

Àárọ̀ ọjọ́ tá a máa padà la lọ gbà á. Tereza ti fi bébà dì í. Mummy fi sínú báàgì ọwọ́ wọn, wọ́n gbé e lé itan títí bààlúù fi balẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ìrọ̀lẹ́ la sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye. Àwọn ọlọ́jà ti ń palẹ̀ mọ́ ní Rye Lane, Mummy sì dúró ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí ò rẹ̀. Bá a ṣe délé, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sílẹ̀ ní pálọ̀, a to àwọn táìlì náà lé e. Mummy tú bébà, wọ́n fi ti Tereza sáàárín, ó wọ̀ ọ́ géérégé. Búlúù rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ díẹ̀. Ilé kékeré kan ni, fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Obìnrin kan fi ìgbọ̀nwọ́ ti ojú fèrèsé náà, ó ń wo ìta. Ó wọ awò ojú, ó sì gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi tèmi.

"Mummy, ta lèyí?"

"Fọ́tò ẹ ni mo fi han Tereza."

"Ṣebí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ la lọ wá?"

"Daddy ẹ nìkan ló mọ ìyẹn, wọ́n ti gbé e lọ. Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ ohun tó o bi mí lórí òkè yẹn ni? Èmi náà á máa dá jẹun, Rábì. Mo fẹ́ máa rí ẹ tí mo bá ń dáná."

Mo sunkún bí ọmọdé, Mummy náà sunkún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dárúkọ Ìbàdàn ni mo ti ń rò pé èmi nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Àfìgbà tí mo lọ sí Porto tí mo bọ̀ ni mo tó mọ̀ pé àwọn náà ń fi ọmọ wọn sílẹ̀. Nígbà tá a nujú tán, mo fi tówẹ̀lì di àwọn táìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí wọn. Mo ṣí fóònù mi, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù Mummy. Àlọ nìkan ni mo rà.