Pupa Wo Lẹ Fẹ́?

"Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́ o! Wọ́n ti lé èmi àti ọ̀dà yín síta."

Ohùn Bùrọ̀dá Akin nìyẹn lórí fóònù, láti Aládé, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ayàwòrán ni, òun ló sì ń ra ọjà jù lọ́wọ́ mi. Ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti bébà ìyàwòrán ni mò ń tà ní Ìdànrè. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bi mí pé ta ní ń jẹ búrọ́ọ̀ṣì, kí n yáa kó oògùn kòkó sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ṣèlérí fún un pé bí Bùrọ̀dá Akin bá fi mí sílẹ̀, màá gbà. Bẹ́ẹ̀ bí mo bá kógbá sílé, Àkúrẹ́ ni ẹni tó fẹ́ ra búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo yóò máa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló dá a sílẹ̀. Bùrọ̀dá Akin ń ya áńgẹ́lì sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà kan, ó ní kí n fi ọ̀dà pupa ránṣẹ́ fún àmùrè áńgẹ́lì náà. Mo mú agolo pupa fòò, mo gbé e fún ọlọ́kadà. Mo gbàgbé pé gàrí elépo, pupa là ń pè é. Inú ẹyin, pupa ni. Ẹ̀jẹ̀ náà, pupa. Èyí tó dà bí inú ẹyin ló ń wí. Ìjọ yẹn kì í sì í jẹ́ kí pupa ẹ̀jẹ̀ wọ ilé àdúrà, ìdúpẹ́ wọn sì ku ọ̀túnla. Abèèrè kì í ṣìnà; èmi ò béèrè. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń ra pupa lọ́wọ́ mi tí mi ò ní bi pé pupa wo. Àwọn kan ń bínú. Kí wọ́n máa bínú.

Kí Bùrọ̀dá Akin tó pa fóònù ní àárọ̀ yẹn, ó ní, "Láti ìsinsìnyí lọ, orí fóònù ni màá ti máa rà á láti Èkó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n mi ò jókòó sunkún. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo kó oríṣi mẹ́ta tó sún mọ́ pupa ẹyin, pẹ̀lú pupa fòò díẹ̀ fún pípò, sínú báàgì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Aládé.

Mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ lẹ́rán, Ìyá Ìjọ dúró tì í. Mo kúnlẹ̀. "Màmá, èmi ni mo ṣẹ̀, mi ò béèrè." Mo fi ọ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kun bébà, mo fi hàn wọ́n.

Ìyá Ìjọ mi orí. "Kò sí níbẹ̀." Wọ́n nawọ́ sí èso kòkó kan tó ti pọ́n lẹ́yìn ọgbà. "Bí ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

Kí ọ̀dà tó lè rí bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kán pupa fòò tí ìjọ wọn kọ̀. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ẹni Ọlọ́run, mo sọ ọ́ jáde.

Bùrọ̀dá Akin dijú. Ìyá Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. "Pò ó níta níbẹ̀ yẹn. Tó bá ti yọ́ mọ́ ọn, ta ló tún ń pè é ní ẹ̀jẹ̀?"

Mo pò ó lórí ìdérí agolo, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé e lọ síbi kòkó náà kí wọ́n tó ní ó tó. Kí oòrùn tó wọ̀, áńgẹ́lì ti di àmùrè rẹ̀ mọ́dìí.

Bùrọ̀dá Akin ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, kò wojú mi. "Ẹ bá mi wá agolo funfun mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Èkó ńkọ́?"

"Ta ni n ó pè ní Èkó tí yóò wá bá mi wo kòkó?"

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti gbọ́ pé Bùrọ̀dá Akin fẹ́ fi mí sílẹ̀, mú ẹni tó ń ta oògùn kòkó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fún wọn ní àga, mo fún wọn lómi. Lẹ́yìn náà ni mo wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọ̀dà la ń tà níbí."