Àkàrà Sàráà Orí Òkè Brufut

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń pe Banjul, olú ìlú Gambia, ní Bathurst, àdúgbò New Town níbẹ̀ là ń gbé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà níbẹ̀, ẹ ó rántí iṣẹ́ òwúrọ̀ wa: ká pọnmi, ká gbálẹ̀, ká fọ abọ́. Ẹ ó sì rántí ìyà wa: orúnkún nílẹ̀, ọwọ́ sókè, ojú sí ògiri. Ìyà yẹn ni mo bẹ̀rù jù láyé, òun náà ló sọ mí di òpùrọ́.

Àǹtí Sikírá, àbúrò ìyá mi, ń ta abọ́ tánganran lọ́jà. Ọdún méje ló ti lò nílé ọkọ láìrí ọmọ gbé pọ̀n, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti ń wá ìyàwó míì fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n wá sọ fún Àǹtí nípa òkè àdúrà kan létí òkun ní Brufut, níbi tí àwọn Mùsùlùmí máa ń lọ gbé fún ọjọ́ mélòó kan láti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní kí n sin òun lọ. Inú mi dùn, ẹ ò lè mọ̀! Bí ọkọ̀ ṣe gun Denton Bridge, afárá tó jáde nílùú, ni mo yọrí síta.

Ilé alámọ̀ kan la wọ̀ sí lórí òkè náà, ẹní la sùn lé. Àǹtí ń gbààwẹ̀. Èmi, oúnjẹ ọkà bàbà ni wọ́n ń fún mi, kì í sì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní kí Àǹtí ṣe sàráà fún àwọn ọmọ abúlé ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè ṣàmín sí àdúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Mo lọ ẹ̀wà, Àǹtí dín àkàrà kún abọ́ ńlá kan, ó ní kí n gbé e lọ.

Yéè! Òórùn àkàrà yẹn! Mo jókòó sábẹ́ igi oṣè, mo ní ẹyọ kan péré ni. Ẹyọ kan di mẹ́rin, mẹ́rin di n-ò-kà-á-mọ́. Ìwọ̀nba tó kù kò lè kárí ọmọ mẹ́ta, ni mo bá dà á fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kì í ṣàmín.

Bí mo ṣe padà dé, Àǹtí bi mí pé, "Ṣé wọ́n ṣàmín?"

Mo ní, "Wọ́n ṣe é, Àǹtí. Ariwo wọn gba gbogbo abúlé."

Ó forí kanlẹ̀, ó sunkún ayọ̀, ó fà mí mọ́ra. "Ọlọ́run á fún mi ní irú ẹ."

Kò bímọ. Ọkọ rẹ̀ gbé ìyàwó míì wọlé. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, "Ó ní láti jẹ́ pé ọkàn mi ni ò mọ́ tó lórí òkè yẹn." Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà. Ojú tì mí. N kò sọ pé àkàrà ló ń fúnni lọ́mọ o. Ẹ̀bi tèmi ló gbé ka ara rẹ̀ lórí, mo sì ń wò ó.

Nígbà náà, ẹ̀rù ìyà dí wa lẹ́nu. Lónìí, ọmọ ọmọ mi á jẹ ẹran inú ìkòkò, á sì wí lójú mi pé, "Màmá àgbà, èmi ni." Ẹ̀rín la óò rín. Èmi tí mo ti darúgbó, ta ló fẹ́ fìyà jẹ mí? Síbẹ̀ n kò lè sọ ọ́. Àǹtí ṣì wà láyé, ó ti padà sílé ní Ìlọrin. Gbogbo Jímọ̀ ló ń pè mí lórí fóònù, á béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan; kì í gbàgbé orúkọ ẹnì kankan.